Orí Karùn-ún: Oúnjẹ Aláìlẹ́ran fún Olùdíje Kẹ̀kẹ́

Ìbéèrè àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere díje ló ń bèèrè bóyá ẹni tí kì í jẹ ẹran lè ní okun tí ìdíje ń fẹ́, nítorí pé èrò tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni pé ẹran ló ń sọ ènìyàn di alágbára, àti pé ẹni tí a bu ọbẹ̀ fún láìfi ẹran sí i ni a fi ìyà jẹ. Ìdáhùn tí ìmọ̀ nípa oúnjẹ eléré ìdárayá mú wá ni pé oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú lè gbé olùdíje kẹ̀kẹ́ dé ipò tó ga jù lọ, bí ẹni náà bá mọ iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe nínú ara, tí ó sì wá ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ náà dípò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn yọ ẹran kúrò nínú ìkòkò, tí kò fi ohunkóhun dí àlàfo rẹ̀, kò tíì yí oúnjẹ padà. Ńṣe ló dín oúnjẹ kù, ara rẹ̀ yóò sì jẹ́ kí ó mọ̀ kí sáà ìdíje tó parí. Iṣẹ́ orí yìí ni láti fi àwọn àlàfo náà hàn, kí ó sì sọ ohun tí a lè fi dí wọn, láti orí àwo oúnjẹ ojoojúmọ́ títí dé inú ìgò omi tó wà lára kẹ̀kẹ́.

Oríṣi oúnjẹ méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ná. Oúnjẹ aláìlẹ́ran, tí a mọ̀ káàkiri ayé sí vegetarian, ni oúnjẹ ẹni tí kì í jẹ ẹran, adìẹ tàbí ẹja, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń jẹ ẹyin, tí ó sì ń mu mílíìkì tàbí tí ó ń jẹ wàrà. Oúnjẹ ewéko pọ́ńbélé, tí a mọ̀ sí vegan, ni ti ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko tàbí kòkòrò wá, tí ó fi jẹ́ pé ẹyin, mílíìkì, bọ́tà àti oyin pàápàá kì í dé ẹnu rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tó ń jẹ ẹyin àti wàrà lójoojúmọ́ ti dí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àlàfo tí orí yìí yóò mẹ́nu bà, nígbà tí ẹni tó ń jẹ ewéko pọ́ńbélé gbọ́dọ̀ fi ètò dí gbogbo wọn.

Ohun tó ń yí pẹ́dà

Nígbà tí eléré bá ń wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan, ohun tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó jù lọ ni èròjà afáralókun, ìyẹn kabohaidirétì, tó wà nínú iṣu, ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣúgà. Ara máa ń tọ́jú èròjà yìí pamọ́ ní ìrísí gílíkójìn, èyí tí ó jẹ́ ṣúgà tí ara so pọ̀ mọ́ra. Inú iṣan ara eléré lè gba bíi gírámù 300 sí 500, ẹ̀dọ̀ sì lè gba bíi 100. Bí eré bá le, ìpamọ́ yìí kì í pẹ́ ju bíi wákàtí méjì lọ kí ó tó máa gbẹ, lẹ́yìn èyí tí ẹsẹ̀ yóò wúwo, orí yóò fúyẹ́, tí eléré yóò sì máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1967, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Sweden, tí Jonas Bergström àti Eric Hultman wà lára wọn, fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan itan àwọn ènìyàn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ìdánrawò tí kì í kúrò lójú kan, wọ́n sì wọn gílíkójìn tó wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oríṣi oúnjẹ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí àwọn ènìyàn náà fi jẹ oúnjẹ tó jẹ́ kìkì ọ̀rá àti purotéènì, wọn kò lè wa kẹ̀kẹ́ náà pé wákàtí kan kí ó tó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Lẹ́yìn oúnjẹ tó ní oríṣiríṣi nínú, wọ́n lò tó bíi ìṣẹ́jú 114. Lẹ́yìn oúnjẹ tí èròjà afáralókun pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n lò tó bíi ìṣẹ́jú 167. Ìwádìí yìí àti àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ èròjà afáralókun di ìpìlẹ̀ oúnjẹ àwọn eléré tó ń rin ọ̀nà jíjìn, oko ni èròjà yìí sì ti ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alápatà. Ẹni tí kò jẹ ẹran kò pàdánù ohun tó ń yí pẹ́dà. Ibi tí ìṣòro rẹ̀ lè ti wá ni àwọn èròjà tó ń tún ara ṣe àti àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lọ sínú iṣan.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ń dá lábàá ni gírámù 6 sí 10 èròjà afáralókun fún kìlógírámù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ní ọjọ́ tí ìdánrawò bá gba wákàtí kan sí mẹ́ta, kí ó sì tó 8 sí 12 ní ọjọ́ tí ó bá gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Fún eléré tó wọn kìlógírámù 70, èyí túmọ̀ sí gírámù 420 sí 700 ní ọjọ́ ìdánrawò tí kò gùn jù.

Ẹ̀rí láti ojú pápá àti láti inú ìwádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí kì í jẹ ẹran ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú wọn, Sidney Ferris, sì gun kẹ̀kẹ́ ní ọdún 1937 láti Land's End ní ìpẹ̀kun gúúsù títí dé John o' Groats ní ìpẹ̀kun àríwá, ìrìn tó tó bíi kìlómítà 1,400, láàárín ọjọ́ méjì àti wákàtí díẹ̀, èyí tó fi gba àkọsílẹ̀ iyára ọ̀nà náà lọ́wọ́ Hubert Opperman, akọni agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Ọsirélíà. Ní ọdún 2011, David Zabriskie ọmọ Amẹ́ríkà wọ ìdíje Tour de France pẹ̀lú oúnjẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ewéko pátápátá, tí ẹja díẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì wà nínú ikọ̀ Garmin-Cervélo tó borí nínú eré ìje ikọ̀ sí ikọ̀ ní ọjọ́ kejì ìdíje náà. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti London ní 2012, Dotsie Bausch, tó ti pa ẹran, ẹyin àti mílíìkì tì, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà pẹ̀lú ikọ̀ obìnrin Amẹ́ríkà nínú eré ìlépa ikọ̀ ní pápá kẹ̀kẹ́, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 39.

Ohun tí àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi múlẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe. Wọn kò fi múlẹ̀ pé ewéko ló mú àwọn ènìyàn náà borí, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí wọn ìbá ti ṣe bí wọ́n bá jẹ ẹran. Ìṣòro kan náà ló wà nínú ìwádìí tí Irving Fisher ti Yunifásítì Yale gbé jáde ní 1907, nínú èyí tí ó ti ní kí àwọn tó ń jẹ ẹran àti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ na apá wọn síta bí ó bá ti lè pẹ́ tó. Àwọn tí kì í jẹ ẹran ló pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gba oúnjẹ náà gbọ́ tọkàntọkàn, ẹni tó sì fẹ́ fi hàn pé ìgbàgbọ́ òun tọ̀nà yóò na apá fún ìgbà pípẹ́ ju ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn lọ.

Ìwádìí òde òní túbọ̀ ṣọ́ra. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kó ọ̀dọ́kùnrin 19 tó ń jẹ ewéko pọ́ńbélé àti 19 tó ń jẹ ohun gbogbo jọ, wọ́n rí i dájú pé olúkúlùkù ń jẹ purotéènì gírámù 1.6 fún kìlógírámù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí wọ́n wọn iṣan àti agbára ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn náà, ìdàgbàsókè àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà náà kéde ní 2016 pé oúnjẹ aláìlẹ́ran tí a ṣètò dáadáa tó fún eléré ìdárayá. Gbólóhùn tó gbé ìpinnu náà dúró ni “tí a ṣètò dáadáa”, òun náà sì ni ìyókù orí yìí dá lé.

Purotéènì: àlàfo tó kọ́kọ́ ń hàn

Purotéènì, èròjà amúaradàgbà, ni ara fi ń tún iṣan tí ìdánrawò fà ya ṣe. Gírámù 1.2 sí 2.0 fún kìlógírámù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara lójúmọ́ ni a dá lábàá fún eléré. Ó dára kí ẹni tó ń jẹ ewéko pọ́ńbélé fojú sun 1.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ikùn kì í dà purotéènì inú ewéko tán bí ó ti ń dà ti ẹyin tàbí ẹran. Fún ẹni tó wọn kìlógírámù 70, ìyẹn jẹ́ gírámù 112.

Ibi tí oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá ti lè tan olùdíje jẹ ni ìdílé ẹ̀gẹ́. Gàrí, fùfú àti láfún kún fún èròjà afáralókun, ṣùgbọ́n purotéènì inú gírámù 100 gàrí kì í ju bíi gírámù kan tàbí méjì lọ, nítorí náà ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, tí ó sì yọ ẹran inú ọbẹ̀ náà kúrò, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ gbogbo purotéènì oúnjẹ náà kúrò láìmọ̀. Ẹ̀wà ló yẹ kí ó bọ́ sípò yẹn. Gírámù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní purotéènì tó bíi gírámù 23, sóyà ní bíi 36, ẹ̀pà ní bíi 25, ẹ̀gúsí sì ní bíi 28. Olùdíje tó bá jẹ gírámù 150 ẹ̀wà gbígbẹ lójúmọ́, bí àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà sísè, tí ó jẹ gírámù 100 sóyà, bí wàrà sóyà tàbí mílíìkì sóyà, tí ó fi gírámù 50 ẹ̀pà àti 40 ẹ̀gúsí kún un, ti rí purotéènì tó lé ní gírámù 90. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti àgbàdo tí ó bá jẹ ní ọjọ́ náà yóò sì fi bíi 20 lé e.

Inú ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní ámínò ásíìdì ni purotéènì ti ń wá, mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀. Lysine, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò pọ̀ nínú ìrẹsì àti àgbàdo ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Methionine, tó jẹ́ òmíràn, kò pọ̀ nínú ẹ̀wà ṣùgbọ́n ó wà nínú ọkà. Àwọn ìyá wa ti dá oúnjẹ tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ tipẹ́: àdàlú, níbi tí ẹ̀wà àti àgbàdo ti pàdé nínú ìkòkò kan; ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín; ògì àti àkàrà; ìrẹsì àti ẹ̀wà. Kò sì di dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà, bí wọ́n bá ti wọ ara láàárín ọjọ́ kan náà. Ẹyọ mìíràn tó ń jẹ́ leucine ló ń ṣí ọ̀nà fún àtúnṣe iṣan, ó sì kéré nínú ewéko, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oúnjẹ tí a jẹ lẹ́yìn ìdánrawò líle ní bíi gírámù 30 purotéènì ewéko nínú, dípò 20 sí 25 tó tó fún ẹni tó ń jẹ ẹyin tàbí mílíìkì.

Àwọn ohun tí oko kì í fúnni tó

Fítámì B12 ni àkọ́kọ́, kò sì sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ni ènìyàn sì ti ń rí i. Kò sí ewé, èso tàbí ẹ̀wà tó ní í ní ìwọ̀n tó ṣeé gbára lé. Ara ń fi í ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì ń fi í dáàbò bo iṣan ìmọ̀lára. Ẹ̀dọ̀ lè ní ìpamọ́ tó tó ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹni tó dẹ́kun jíjẹ ẹran lónìí lè máa wa kẹ̀kẹ́ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ kí àìtó rẹ̀ tó farahàn, ìgbà yẹn ni yóò sì rò pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe òun. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀ wà nínú ewu kan sí i, nítorí pé folate inú ẹ̀fọ́ lè bo àìtó ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìpalára iṣan ìmọ̀lára ń bá a lọ. Ara ń fẹ́ máíkírógírámù 2.4 lójúmọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kì í gba gbogbo èyí tó wà nínú oògùn oníhóró, ìmọ̀ràn tí a fi ń fún àwọn tó ń jẹ ewéko pọ́ńbélé ni kí wọ́n lo máíkírógírámù 10 ó kéré tán lójoojúmọ́, tàbí 2,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Irú àti àwọn oúnjẹ tí a jẹ́ kí ó kan kò lè rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni spirulina, ewé inú omi tí àwọn oníṣòwò ń pọ́n, kò lè ṣe é.

Èròjà irin ni ìkejì, òun sì ni olùdíje kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù lọ, nítorí pé òun ni ẹ̀jẹ̀ fi ń gbé ọ́síjìn, agunkẹ̀kẹ́ tí ọ́síjìn kò bá sì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gun òkè. Irin inú ẹran máa ń tètè wọ ara ju ti inú ewéko lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi dá a lábàá pé kí ẹni tí kì í jẹ ẹran fojú sun ìwọ̀n tó tó ìlọ́po 1.8 èyí tí a là sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ìyẹn milligram 8 fún ọkùnrin àti 18 fún obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀gúsí, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ní irin nínú, fítámì C tó wà nínú ọsàn, agbálùmọ̀, ata tútù àti tòmátì sì ń jẹ́ kí ara gbà á. Tíì àti kọfí máa ń dènà rẹ̀, nítorí náà ó dára kí wọ́n dúró tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Rírẹ ẹ̀wà sómi àti jíjẹ́ kí àgbàdo ògì kan ń dín èròjà phytate tó ń so irin mọ́lẹ̀ kù, síse ọbẹ̀ nínú ìkòkò irin náà sì ń fi díẹ̀ kún un. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ibà àti aràn inú ikùn ti ń jẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, olùdíje kò gbọdọ̀ ka àárẹ̀ gbogbo sí ẹ̀bi oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ máa gbé oògùn irin mì láìṣe àyẹ̀wò, nítorí pé irin tó pọ̀ jù ń ba ara jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní ferritin ni ó ń fi ìpamọ́ irin hàn, ó sì yẹ kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Kálísíọ̀mù àti egungun ni ìkẹta. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé agunkẹ̀kẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀, nítorí náà egungun rẹ̀ kì í rí ìgbọ̀nrìrì tó ń mú kí egungun asáré le, kálísíọ̀mù sì ń bá òógùn jáde ní wákàtí gígùn tí ó ń lò lórí àga kẹ̀kẹ́. Olùdíje kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ ẹran pàápàá máa ń ní egungun tí kò ki tó. Ẹni tí kò mu mílíìkì yẹ kí ó wá milligram 1,000 lójúmọ́ láti inú mílíìkì sóyà tí a fi kálísíọ̀mù sí, yánmọtí àti ẹ̀fọ́, kí ó sì máa gbé irin tàbí kí ó máa fò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fítámì D tó ń mú kí kálísíọ̀mù wọ egungun ni oòrùn ń fúnni. Àwọn Yorùbá tó ń díje ní ilẹ̀ Britain, níbi tí oòrùn kì í mú láti ìgbà ìwọ́wé títí dé òpin ìgbà òtútù, yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìjọba ibẹ̀ láti máa lo máíkírógírámù 10 lójúmọ́ ní àkókò náà, ó kéré tán.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí ń tán ọ̀rọ̀ áyódíìnì, epo tí a fún láti ara ewé inú omi sì lè rọ́pò ọ̀rá omega-3 tí àwọn yòókù ń rí nínú ẹja. Creatine, èròjà tí iṣan ń lò fún agbára òjijì, kì í sí nínú ewéko, iṣan ẹni tí kì í jẹ ẹran sì máa ń ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ; gírámù 3 sí 5 lójúmọ́ lè ran ẹni tó ń díje nínú eré kúkúrú lọ́wọ́, kò sì sí lára àwọn oògùn tí òfin ìdíje kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ara di omi mú, èyí tí kò wu ẹni tó ń gun òkè gíga. Ewéko náà ní èrè tirẹ̀: tẹ̀tẹ̀ àti bíítírúùtù ní nitrate púpọ̀, èròjà kan tó lè mú kí iṣan fi ọ́síjìn díẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kí oúnjẹ tó

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ B12 àti irin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, ohun tó sábà máa ń bi olùdíje tó ń jẹ ewéko ṣubú ni pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó. Ẹni tó bá fi agbára wáàtì 200 wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ń jó kálórì tó lé ní 700. Àwọn tó ń wọ Tour de France sì ń jó tó 6,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ewéko máa ń gba ààyè nínú ikùn nítorí fáíbà, ìyẹn apá tó le nínú ewéko tí ikùn kò lè dà, nítorí náà ènìyàn lè yó kí ó tó jẹ ohun tí ara ń fẹ́. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé fún àìtó yìí ní orúkọ ní 2014, wọ́n pè é ní RED-S, wọ́n sì ṣàlàyé pé ó ń dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì ń jẹ́ kí àìsàn máa tètè mú ènìyàn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi oúnjẹ tó kéré níwọ̀n ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ pọ̀ kún àwo: ẹ̀pà lílọ̀, epo, kókó àgbọn, ìrẹsì funfun dípò aláwọ̀ ilẹ̀ ní ọjọ́ ìdánrawò gígùn, àti ohun mímu aládùn lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ti ń sá fún oúnjẹ nítorí pé ó fẹ́ fúyẹ́ kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ ewéko bo ìsáfún náà mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ètò oúnjẹ ní àyíká ọjọ́ ìdíje

Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó ń gbé eléré ró láti Ajé dé Ọjọ́rú lè di ẹrù sí i nínú ní òwúrọ̀ ìdíje. Bí ìdíje bá máa ju ìṣẹ́jú 90 lọ, kí olùdíje jẹ gírámù 10 sí 12 èròjà afáralókun fún kìlógírámù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara lójúmọ́ ní wákàtí 36 sí 48 tó ṣáájú, kí ó gbé e lé ìrẹsì funfun, búrẹ́dì, iṣu sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó sì dín ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ kù kí ikùn lè fúyẹ́. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ògì pẹ̀lú ṣúgà àti búrẹ́dì, tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ọbẹ̀ ata díẹ̀, yóò ṣe é. Àkàrà àti dòdò kò yẹ ní òwúrọ̀ yẹn, nítorí pé òróró máa ń pẹ́ nínú ikùn.

Lórí kẹ̀kẹ́, gírámù 30 sí 60 èròjà afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ló tó fún eré tí kò ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lè gba tó 90, bí ó bá jẹ́ àdàpọ̀ glucose àti fructose, ṣúgà oríṣi méjì tí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà wọ ara láti inú ìfun. Ṣúgà ilé jẹ́ àdàpọ̀ méjèèjì bákan náà, nítorí náà ìdajì lítà omi tí a po ṣíbí tíì ṣúgà méje sí mẹ́jọ àti iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ń fúnni ní bíi gírámù 30, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò kéré sì ń fúnni ní bíi 25. Ìfun gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà ìdánrawò, kí ọjọ́ ìdíje má bàa jẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn eré, bí òmíràn bá wà ní ọjọ́ kejì, kí olùdíje jẹ gírámù kan èròjà afáralókun fún kìlógírámù ìwọ̀n ara ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́, pẹ̀lú purotéènì: mílíìkì sóyà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ìrẹsì àti ẹ̀wà.

Ìrìnàjò ìdíje ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ilé oúnjẹ wa, ẹ̀fọ́ rírò kì í sábà wà láìsí edé tàbí ẹja gbígbẹ, mọ́ínmọ́ín máa ń ní ẹyin tàbí edé nínú, omi ẹran sì ni ọ̀pọ̀ fi ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹni tí ewéko pọ́ńbélé ni oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè kí ó tó jókòó, tàbí kí ó gbé ẹ̀pà, wàrà sóyà àti gàrí tirẹ̀ dání. Nínú ọbẹ̀ tí a bá sè nílé, irú àti olú lè ṣe iṣẹ́ adùn tí edé ń ṣe. Àwọn ibi kan ti mọ sísè báyìí mọ́ra: Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí Ìjọ Adventist dá sílẹ̀, ti ń fi oúnjẹ aláìlẹ́ran bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Bí a ṣe ń yí oúnjẹ padà, àti ẹni tí ó yẹ

Àkókò tó yẹ fún ìyípadà ni ìgbà tí ìdíje kò sí. Kí olùdíje kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ àti agbára tí ó lè fi wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 20. Ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹ̀wà àti sóyà gba ipò ẹran lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ní oṣù kejì, kí wọ́n gba gbogbo ipò rẹ̀, kí ẹyin àti mílíìkì ṣì wà. Ní oṣù kẹta, ẹni tó fẹ́ ewéko pọ́ńbélé lè yọ ìwọ̀nyí náà kúrò, lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo B12.

Ó dára kí ẹni tí ferritin rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ọ̀dọ́ tó ṣì ń dàgbà tí kò ní ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí kò ní àkókò láti se oúnjẹ tirẹ̀, dúró ná. Fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni yóò yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ àti agbára ìṣẹ́jú 20 rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró tàbí tí wọ́n bá lọ sókè, oúnjẹ náà bá a mu, kí ó máa bá a lọ láìsí ìbẹ̀rù. Bí ọ̀kan bá wálẹ̀, kí ó wá àlàfo tó jẹ mọ́ ọn nínú orí yìí, kí ó dí i, kí ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí kò bá gbéra síbẹ̀, kí ó dá ẹyin, mílíìkì tàbí ẹja padà sínú àwo rẹ̀ láìka ara rẹ̀ sí ẹni tó kùnà, nítorí pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣètò oúnjẹ olùdíje ni kí ara rẹ̀ le, kí ó sì lè wa kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.